Ẹsẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Àga Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé kò sí lọ́ọ̀rì tó ń gbé lẹ́tà lọ síbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ mí láti kékeré. Bí ọ̀rọ̀ bá kún inú mi tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè jẹ iyán mi ní ìrọ̀rùn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Ìyá wà ní iyàrá yín. Ó jókòó lórí àga yín, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń kọ orin kan tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ nítorí pé ó dùn lẹ́nu mi: Ìyá jókòó lórí àga yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ní dídì. Ó ń lọ sí Ponyan, sílé bàbá rẹ̀, ó sì ní òun kò ní padà sí Kábà mọ́. Èmi ni mo fà á, èmi tí wọ́n ń pè ní tíṣà, èmi tí mo gbọ́n tán.

Orí sìmẹ́ńtì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Iyara ni mo ti ń rò ó pé n ó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ iyàrá yín kí ẹ tó darúgbó. Ikú kò dúró dè mí. Lẹ́yìn tí a sin yín tán, mo sọ lọ́kàn ara mi pé bí ẹsẹ̀ yín kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ Ìyá yóò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Ìyá lọ sí Ponyan láti lọ bá àbúrò rẹ̀ tó bímọ wẹ ọmọ tuntun, mo rí àyè. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, mo pe bírikìlà. N kò bi Ìyá léèrè. Mo fẹ́ kí ó dé bá a bẹ́ẹ̀ ni, kí ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kí ó wá máa yìn mí káàkiri agbolé. Ṣé ẹ rí i pé ìyìn ni mo ń wá?

Bírikìlà náà gbé igi rẹ̀ gígùn tó ní omi nínú gíláàsì lé ilẹ̀ àtijọ́ yẹn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló lu irú ilẹ̀ báyìí, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, tó tún wá jìn kòtò lọ́wọ́ iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní iṣẹ́ ayé àtijọ́ ni. Ó kó yangí dí gbogbo rẹ̀, ó tẹ́ sìmẹ́ńtì lé e, ilẹ̀ náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú síléètì. Mo gbé àga yín padà sí àyè rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, iwájú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹ ṣe máa ń gbé e. N kò jókòó lé e. Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó lé e kẹ́yìn.

Ìyá dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, ó wo ilẹ̀ náà títí. Ó kí mi pé, “Okun o.” Ó ní mo ṣeun, ó sì gba ìdí ààrò lọ. Mo rò pé ayọ̀ ló dí i lẹ́nu.

N kò mọ̀ bóyá ẹ ń rí wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Ìyá ló ń jókòó sórí àga yín ní ìrọ̀lẹ́. Orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́. Bí ó bá jókòó sórí àpótí, àfi kí ènìyàn méjì fà á dìde. Àga yín nìkan ló ga tó fún un, tó sì ní apá tí ó lè fi ọwọ́ tẹ̀ dìde fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin tí ó ti Ponyan dé ló tó wọ iyàrá yín, ó lọ jókòó síbẹ̀. Àga náà mì, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé e dà sẹ́yìn. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Mo bá a nílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tuntun mi, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbàdí, kò sì ké. Ìbá ṣe pé ó ké ni, ara ìbá tù mí.

Egungun kankan kò ṣẹ́, a dúpẹ́. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òrí pa á. Lẹ́yìn náà ni mo lọ fi ọwọ́ kan àga náà. Ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ó sì fẹ̀yìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Àga tí ẹ jókòó lé fún ọdún gbọọrọ tí kò mì rí!

Àbúrò yín obìnrin, Ìyá Sẹ́nábù, ló wá là á mọ́lẹ̀. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ̀ ọ́. Ó ní ọkùnrin tí kò wọ bàtà lọ sóko rí, ta ló ní kí a tẹ́ òkúta òyìnbó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá kó ẹní rẹ̀ lọ sí ìdí ààrò, kò wọ iyàrá yín mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí ọjọ́ ọjà bá pé, òun yóò bá lọ́ọ̀rì lọ. Ọjọ́ ọjà ku ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé atẹ́gùn ló ń mi ewé, mo gba ọ̀rọ̀ Ìyá Sẹ́nábù gbọ́. Mo gbà á gbọ́ nítorí mo ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún.

Ẹ rántí ọjọ́ tí olùkọ́ wa wá kí yín, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Ẹ ti lọ gbé ẹmu tó dára dè é. Èmi ni mo sáré gbé àga yín, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn, jáde sábẹ́ igi máńgòrò kí àlejò lè gba atẹ́gùn. Ó jókòó, àga náà sì mì, omi inú ife rẹ̀ dà sórí ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ojú tì mí. Kàkà kí n bẹ àlejò, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó má bínú, pé àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, kì í ṣe káfíńtà. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ gbé igbá ẹmu dání. Nígbà tí ó lọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé àga náà lé orí, ẹ gbé e wọlé padà sí àyè rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó jókòó, ẹ sì jókòó. Ó dúró gbọin lábẹ́ yín. Mo rí i pé ó dúró gbọin, n kò sì béèrè ìdí rẹ̀. Ọgbọ́n ìwé ti kún mi lójú.

Mo ní n ó bẹ̀ yín nígbà ọlidé. Ọlidé dé, mo ní yóò di èyí tó ń bọ̀. Ẹ lọ nígbà iṣu tuntun, èmi sì wà ní Iyara tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àga gbé Ìyá ṣubú, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé èmi lẹ ń dá lóhùn. Ṣé ẹ gbé ẹ̀rín yẹn lọ ni? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí mo lè sáré bá. Bàbá Jímọ̀ ni, káfíńtà àgbà tó ń bá wa tún bẹ́ǹṣì ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ní Iyara. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi wá sí Kábà, kí ó gé ẹsẹ̀ àga náà dọ́gba kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ó di ayùn, òòlù àti ìfági rẹ̀ sínú àpò, ó tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a dé, ó kí Ìyá nídìí ààrò. “Okun o, Ìyá.” Ìyá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò yíjú sí wa. Ó ń di ìkòkò rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Bàbá Jímọ̀ kò fa ayùn yọ. Ó dorí àga náà kodò ní àgbàlá, ó fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kùn hùn-ún hùn-ún nínú imú. Ó já ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ kan, ó fi wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí méjì tó bá ara wọn mu. Ẹnu mi tún yá. Mo ní kí Bàbá má bínú, pé bàbá mi kì í ṣe káfíńtà. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́yìn tí ẹ ti wà nínú ilẹ̀.

Ó gbójú sókè wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó fi ibi tí apá àga ti wọ inú ẹsẹ̀ hàn mí. Kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Ihò àti èèkàn igi ni, wọ́n wọ inú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná kò lè wọ àárín wọn. Ó ní ẹni tó lè ṣe èyí kò lè ṣi ẹsẹ̀ gé. Ó ní ẹni yìí mọ̀ ọ́n mọ̀ gé e ni. Ó tún fi nǹkan mìíràn hàn mí lára ẹsẹ̀ àga, nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ kan ní ilà kan tí a fi ọ̀bẹ fà, èkejì ní méjì, ẹ̀kẹta ní mẹ́ta. Èyí tó gùn jù, ti iwájú lápá òsì, kò ní nǹkan kan. Ó ní irú ilẹ̀ wo ni àga yìí ń dúró lé tẹ́lẹ̀?

Mo ro ohun tí bírikìlà sọ fún un. Ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, tó jìn níwájú lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Bàbá Jímọ̀ rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, bàbá rẹ gé àga rẹ̀ bá ilẹ̀ mu. Ìwọ lo yí ilẹ̀ padà.”

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí, mo ti kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pàápàá.

Ìgbà náà ni mo rí Ìyá lẹ́yìn wa. Ó ti fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde láti ìdí ààrò. Ó ní òun lòun lu ilẹ̀ yẹn. Bàbá, n kò mọ̀! Ó ní ọdún tí ẹ kọ́lé ni, pé òun lòun ṣáájú àwọn obìnrin agbolé, wọ́n lù ú fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n fi imí màlúù pa á. Òun lòun ní kí ó dà sí ẹnu ọ̀nà, kí omi lè máa ṣàn jáde bí a bá fọ ilé, kí ó sì jìn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, kí èyí tó bá dà sílẹ̀ má ṣe kiri. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, nígbà tí ẹ gbé àga tuntun yín wọlé, ó mì lórí ilẹ̀ òun. Àwọn tó wá wo àga bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dun òun. Ó ní òun yóò hú ilẹ̀ náà, òun yóò tún un lù. Ẹ ní kí ó fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí ó ti odò dé, àga ti dúró gbọin. Ó rò pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Kò béèrè, ẹ kò sì sọ.

Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Ẹ gé iṣẹ́ ọwọ́ yín kí ẹnikẹ́ni má baà fi iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá rẹ́rìn-ín. Èmi sì wá fi méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Bàbá Jímọ̀ ní bí ẹ bá gé igi, gígé náà gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Lójijì ni Ìyá yí padà, ó gba ìdí òfì tó fi ń hun aṣọ lọ, kò sì dúró de ọ̀pá rẹ̀. Ó yọ igi méjì jáde lábẹ́ òpó òfì náà. Ó ní ọjọ́ tí àga dúró gbọin yẹn gan-an lẹ kó igi mẹ́ta fún òun pé kí òun fi há òfì òun kí ó má baà mì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti dúdú, wọ́n sì ń dán. Bàbá Jímọ̀ fi aṣọ nù wọ́n. Ọ̀kan ní ilà kan lára, èkejì ní méjì.

Ìyá ní ẹ̀kẹta ti sọnù láti ìgbà pípẹ́. Ó wò mí. Ìgbà náà ni mo rántí.

Ọmọlángidi mi ni! Gígé igi kúkúrú kan tí mo yọ lábẹ́ òfì, tó ki pọ́pọ́, tí mo fi àkísà pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní. Ó ní ilà mẹ́ta, mo sì rò pé ilà ojú rẹ̀ ni. Mo máa ń wẹ̀ ẹ́, mo máa ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Ẹ̀yin náà máa ń bi mí bóyá ọmọ mi ti sùn. Ó bọ́ lẹ́yìn mi sódò lọ́jọ́ kan, mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ sì gbé mi lé ẹsẹ̀ lórí àga yẹn gan-an, ẹ ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ẹ mọ ohun tó sọnù, ẹ kò sì bá mi wí.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Bàbá Jímọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di ìbàdí tó ń dùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, n kò gbọ́ ẹ̀rín Ìyá rí. N kò mọ̀ pé etí mi ti ń wá a kiri.

Bàbá Jímọ̀ kò gé nǹkan kan kúrò lára àga yín. Ó fi igi onílà kan sábẹ́ ẹsẹ̀ onílà kan, onílà méjì sábẹ́ onílà méjì. Ojú igi bá ojú igi mu. Ibi tí ayùn ti jẹ díẹ̀ nìkan ló ṣófo, ó sì fi pẹlẹbẹ igi dí i. Ó gbẹ́ ihò, ó fi èèkàn àti gẹ́lú tó sè nínú agolo so wọ́n pọ̀. Ó lọ kírun Alásárì, ó padà wá gbẹ́ ẹ̀kẹta láti ara igi apá tuntun, irú igi tí ẹ fi kan àga náà. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ju ti ìyókù lọ. Ó ní kí a jẹ́ kí ó dúró di ọ̀la kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, a gbé e wọlé. Bàbá Jímọ̀ bu omi sínú abọ́ tánganran, ó gbé e lé orí àga. Omi náà dọ́gba yípo etí abọ́. Ìyá wọ iyàrá yín, ó jókòó. Ó mi ara rẹ̀ síhìn-ín, ó mi ara rẹ̀ sọ́hùn-ún. Àga kò mì. Ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló ń bá sọ. “Ọkùnrin yìí! Gbogbo ọdún wọ̀nyí!”

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní sìmẹ́ńtì náà dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òun fi ọwọ́ òun lù ni, ó yẹ kí n bi òun kí n tó bò ó. Bí ẹni fi ata sí mi lójú ló rí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán. Ó ní kí n lọ tú ẹrù òun, kí n fara balẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. N kò tú ẹrù pẹ̀lú ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ rẹ́rìn-ín: ní Sátidé, mo fọ iyàrá yín, omi sì dúró sí àárín ilé bí adágún. Ilẹ̀ mi tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò mọ ibi tí ọ̀nà wà. Ìgbálẹ̀ ni mo fi ń gbá omi jáde, Ìyá sì jókòó lórí àga yín, ó ń fi ìka júwe ẹnu ọ̀nà fún mi. Bírikìlà yóò padà wá. Ìyá ni yóò sọ bí yóò ṣe dà fún un, ibi tí àga yín wà nìkan ni yóò wà ní pẹrẹsẹ. Ìyá Sẹ́nábù náà ti wá wo àga, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ kò rí i bí?

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Wọ́n ní òmìnira kò ní pẹ́ dé mọ́. Iṣu yín ti oko ọ̀nà Kiri ta dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Bí ẹ bá gé igi láti fi há òfì lásán, kí ni ẹ fa ilà sí i fún? Ta lẹ sàmì náà dè? Ṣé ẹ mọ̀ láti ìgbà náà pé ọmọ tí ẹ rán lọ sílé-ìwé yóò padà wá tún ilẹ̀ yín ṣe lọ́jọ́ kan?

Ní àná, Ìyá dìde lórí àga náà fúnra rẹ̀, ó tẹ apá rẹ̀, ó ní kí n wá jókòó. Mo ní kò burú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó, mo sì bẹ̀ yín sókè, lójú Ìyá, nítorí ẹ̀rín tí mo rín yín lábẹ́ igi máńgòrò. Àga náà kò mì rárá.

Mo ti jẹ iyán mi tán. Ẹ sùn dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín, tó pọ̀n ẹsẹ̀ àga yín sẹ́yìn, tó ń rẹ̀ ẹ́ kó sùn, tí kò sì mọ̀.